Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Owó Wúrà Àtijọ́ Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ayédèrú

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú owó wúrà lè ya orí ọba sí i kó jọ ti gidi dé ìpéǹpéjú. Ohun tó máa ń ṣòro fún un ni kí ìwúwo, fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ bá ti ojúlówó mu pa pọ̀. Irin olówó pọ́ọ́kú fúyẹ́ ju wúrà lọ. Tó bá ṣe é kó tóbi bíi ti gidi, yóò fúyẹ́. Tó bá fẹ́ kó wúwo tó ti gidi, àfi kó fẹ̀ jù tàbí kó nípọn jù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mú un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ owó náà, ẹ má sì nù ún kó lè dán. Àwọn tó ń ra owó àtijọ́ máa ń mọ èyí tí wọ́n ti ha lára, iye tí wọ́n máa san sì máa ń já wálẹ̀ gan-an. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka dì mú.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Láti 1973 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ COPY sára irú owó àfarawé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ayùn ha ọ̀rọ̀ náà kúrò, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ojú ibì kan ti tẹ́jú lọ́nà tó ṣàjèjì. Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni owó wúrà tí wọ́n ń pè ní gínì, ti ọba George Kẹta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe láàárín 1787 sí 1799, tí asà tí wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹnu ṣọ́bìrì. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn fi idẹ ṣe àfarawé rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ìpolówó ọjà àti fún eré káàdì. Bí ẹ bá rí IN MEMORY OF THE GOOD OLD DAYS lára rẹ̀, idẹ ni. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ogún dọ́là wúrà Amẹ́ríkà ti ọdún 1933 fún yín, ẹ yáa rìn lọ: ìjọba yọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹyọ kan ṣoṣo tí òfin gbà kí aládàáni ní ni wọ́n sì tà ní gbàǹjo ní 2021 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 18 dọ́là.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ nílò òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù 0.01, àti irinṣẹ́ tó ń wọn mìlímítà. Owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní sovereign wúwo tó gíráàmù 7.99, ó fẹ̀ tó mìlímítà 22.05, ó sì nípọn tó 1.52. Ogún dọ́là wúrà Amẹ́ríkà jẹ́ gíráàmù 33.44, mìlímítà 34. Ogún fáráǹkì ilẹ̀ Faransé jẹ́ gíráàmù 6.45, mìlímítà 21. Owó tí wọ́n ti ná pẹ́ lè dín díẹ̀, gíráàmù 7.94 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé sovereign lè fúyẹ́ dé. Èyí tó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ ni kí ẹ fura sí jù, torí owó máa ń jẹ ni, kì í dàgbà.

Ìdánwò omi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà, kí ẹ rì í bọ omi pátápátá láì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife, kí ẹ sì gbọn ìfófòó tó bá lẹ̀ mọ́ ọn dànù. Ẹ fi iye tí òṣùwọ̀n bá kọ pín ìwúwo rẹ̀ nígbà tó gbẹ. Fún sovereign, òṣùwọ̀n yóò kọ nǹkan bí 0.46, 7.99 tí a fi 0.46 pín jẹ́ bíi 17.4, ibẹ̀ sì ni wúrà káráàtì 22, irú èyí tí wọ́n fi ṣe sovereign, máa ń wà. Idẹ kì í ju bí 8.5 lọ, òjé kì í ju 11.3. Irin tí wọ́n ń pè ní tungsten lè yọ́ kọjá, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bíi wúrà.

Ní ti òòfà, bó bá fa owó náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá fà á, ẹ má tíì yọ̀, torí òòfà kì í fa idẹ, bàbà, òjé tàbí tungsten.

Ó wá ku awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi lu owó gidi, nítorí náà etí lẹ́tà rẹ̀ máa ń mú. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe máa ń ní ihò wẹ́wẹ́, lẹ́tà rẹ̀ á rọ̀, nígbà míì ẹ ó rí ìlà tó yí etí rẹ̀ ká níbi tí wọ́n ti so apá méjì pọ̀. Ẹ wo ibi tó yọ sókè jù, bí irun ọba: bí àwọ̀ mìíràn bá ń yọjú níbẹ̀, omi wúrà ni wọ́n fi pa á. Bí owó méjì bá sì ní ojú ọgbẹ́ kan náà ní ibi kan náà, àwòṣe kan ló bí àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀, àwọn ayédèrú kan wà tó jẹ́ wúrà gidi. Wọ́n ṣe irú sovereign bẹ́ẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní àwọn ọdún 1950. Wúrà inú rẹ̀ níye, ṣùgbọ́n owó tí èèyàn ń san nítorí pé ọdún kan ṣọ̀wọ́n kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ owó ńlá ni wọ́n pè é, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ bíi PCGS tàbí NGC kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti wà nínú páálí ike tiwọn, ẹ tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí ìkànnì wọn kí ẹ tó sanwó, torí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú.