Ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ni mo ti ń ta aṣọ. Alága ẹgbẹ́ wa fi ìkìlọ̀ kan sórí WhatsApp pé lọ́la ni fídíò kan tó ń jẹ́ "Martinelli" máa jáde, pé fóònù ẹni tó bá ṣí i ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé kí n pa fóònù mi di ọ̀tunla?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á, ìyá, àwọn oníbàárà yín ò ní rí yín pè. "Lọ́la" tí wọ́n ń wí yẹn, ó kéré tán láti 2017 ni wọ́n ti ń wí i. Kó tó di ti WhatsApp, orí ímeèlì ni irú ẹ̀ máa ń gbà wá. Ní 1994, wọ́n pín ọ̀kan kiri pé lẹ́tà tí àkọlé ẹ̀ bá jẹ́ "Good Times" máa ba kọ̀ǹpútà jẹ́ téèyàn bá ti kà á. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ímeèlì ayé ìgbà yẹn; kíkà ò lè ba nǹkan kan jẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Microsoft ló kéde ẹ̀, pé àwọn kan tiẹ̀ ti rí i.

Ìdáhùn: Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá fẹ́ kìlọ̀, orí ìkànnì tiẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́. Kò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi han tẹbí tará. Ti "àwọn kan ti rí i" yẹn ló máa ń mú èèyàn jù. Ní 2002, ímeèlì kan ní káwọn èèyàn wá fáìlì jdbgmgr.exe nínú kọ̀ǹpútà wọn, èyí tó ní àwòrán ọmọláńgidi béárì, kí wọ́n sì pa á rẹ́. Wọ́n wá a, wọ́n rí i, jìnnìjìnnì bò wọ́n. Báwo ni wọn ò ṣe ní rí i? Ara Windows fúnra ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà wọn ṣiṣẹ́, ni fáìlì náà! Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa á rẹ́, wọ́n tún ránṣẹ́ sí ẹlòmíì pé kóun náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìkìlọ̀ ni irọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU, ti oṣù May 2000, ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, fáìlì tí wọ́n so mọ́ ímeèlì lèèyàn ń tẹ̀. Lórí fóònù, èyí tí mò ń bẹ̀rù ni fáìlì tó parí sí .apk, ìyẹn irú èyí tó ń gbé áàpù wọ fóònù, bí wọ́n tiẹ̀ pè é ní ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí yín fún òun.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa sọ fún Alága? Àgbà ni wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ má sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kẹ́ ẹ rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fúnra wọn pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Tí kò bá tíì pé ọjọ́ méjì tí wọ́n fi í síbẹ̀, WhatsApp á gbà.