Bí A Ṣe Ń Fi Fídíò àti Eré Orí Fóònù Kọ́ Ọmọ Ní Ìwé Kíkà Ní Kíláàsì

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo gbé fóònù wọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, inú mi dùn púpọ̀, nítorí kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wọn fi mọ orin inú fídíò náà lórí, tí wọ́n ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń lọ sílé. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo kọ lẹ́tà gb sí ojú pátákó, mo sì pe ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti àwọn yòókù lọ nínú orin náà pé kí ó wá sọ ohun tí mo kọ. Ó wo pátákó, ó wo ojú mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ orin náà láti orí a, ó ń fi ìka kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé orí gb, ó pè é, ó sì kọjá lọ sórí h láìmọ̀ pé ibi tí mo rán an ni ó ti dé tán. Ó mọ orin. Kò mọ lẹ́tà.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi níhìn-ín. Fídíò a máa gbé ohùn àti àwòrán wá, eré orí fóònù a sì máa mú kí ọmọ fẹ́ tún iṣẹ́ kan náà ṣe láìjẹ́ pé a mú pàṣán dání, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò dá àwòrán náà dúró, tí yóò mú ojú ọmọ wá sórí lẹ́tà, tí yóò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pè é kí ọwọ́ rẹ̀ sì kọ ọ́. Níbi tí a kò bá ti ṣe èyí, ìdárayá lásán ni a ń ṣe, bí ó ti wù kí fídíò náà dára tó.

Èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Púpọ̀ nínú àwọn eré lẹ́tà tí a lè gbà sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tí kò bá sì fara balẹ̀ yóò rò pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní; c, q, v, x àti z kò sí nínú rẹ̀; gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo; p tiwa kì í sì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni a jọ fi ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú “pápá”. Ọmọ tí eré kan kọ́ ní àárọ̀ pé “íì” ni à ń pe e, tí olùkọ́ rẹ̀ wá sọ fún un ní ọ̀sán pé e ni ó bẹ̀rẹ̀ “ewé”, kì í ṣe olódo bí ó bá ṣì í pè. Àwa ni a gbé ẹrù méjì lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ohun èlò kankan wọ kíláàsì, ẹ jókòó tì í nílé, kí ẹ sì wò ó dópin. Ẹ wò ó bóyá àmì wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ níbi tí ó yẹ, bóyá àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀, àti bóyá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń pe ọ̀rọ̀ bí a ti ń pè é nílé. Fídíò tí ó bá kọ “oko” sábẹ́ àwòrán ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń dán gbinrin, nítorí oko ni ibi tí a ti ń gbin iṣu, ọmọ tí ó bá sì rí i bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá yóò máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí.

Fífi èdè ọmọ kọ́ ọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láàárín wa. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí ìdíje XPRIZE, tí a fi wá ẹ̀rọ tí ọmọ lè fi kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀, tí ó sì parí ní ọdún 2019, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ fún àwọn ọmọ ní abúlé bíi 170 ní agbègbè Tanga ní Tanzania, Swahili ni ẹ̀rọ náà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ẹ kò bá rí fídíò Yorùbá tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣe tiyín. Lórí African Storybook, ojú òpó ìtàn ọmọdé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, a lè rí àwọn ìtàn ọmọdé tí ó ní àwòrán ní èdè Yorùbá, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ to àwòrán ìtàn kan tẹ̀ léra lórí fóònù yín, kí ẹ fi ohùn yín ka ìtàn náà sí i pẹ̀lú sùúrù, fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ a máa fetí sí ohùn olùkọ́ wọn ju ohùn àlejò lọ. Mo ti rí èyí lọ́pọ̀ ìgbà.

Fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta, iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú

Ẹ má ṣe lo fídíò tí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí ẹ sì yan ọ̀rọ̀ márùn-ún péré nínú rẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí ọmọ lè kà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ má baà máa wá a kiri lójú àwọn ọmọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi fídíò náà hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó gbádùn ìtàn kò ní gbọ́ ohun tí a ń bi í. Ìgbà kejì, ẹ yí ojú fóònù sí ògiri kí wọ́n fetí gbọ́ ọ nìkan, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ti dá ọ̀rọ̀ dúró: bà-tà, ẹ̀ẹ̀mejì; a-gbá-dá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bí “òroǹbó” ni kí ẹ má ṣe fò dá, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, ò-ro-ǹ-bó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ̀ pé ǹ lè dá dúró bí sílébù. Ìgbà kẹta ni iṣẹ́ gan-an, nígbà tí ẹ óò máa dá àwòrán dúró lórí ọ̀rọ̀ márààrún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ yóò pè é, tí wọn yóò sì kọ ọ́ sí síléètì wọn kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Níbi àmì ohùn ni mo ti gbà pé fídíò ṣe é ju ìwé lọ, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ìwé kò lè sọ̀rọ̀ sókè, ṣùgbọ́n fídíò lè pe ọ̀rọ̀ kan náà fún ọmọ nígbà ogún láìsú. Ní ọjọ́ kan, mo kọ “igba” sí ojú pátákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìfi àmì kankan sí i. Mo wá ṣí fídíò sí ibi tí ìyá kan ti ń bu omi, tí ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé igbá wá, mo dá a dúró. Mo ní kí wọ́n fi imú kùn ún bí orin, wọ́n kùn ún: re, mí. Ọmọkùnrin kan jáde, ó di ṣọ́ọ̀kì mú, ó fi àmì òkè sórí a tí ó gbẹ̀yìn, ó sì fi lẹ́tà i sílẹ̀ lófìfo bí ó ti yẹ, nítorí ohùn re kì í gba àmì. A tún gbọ́ “ìgbà” láti ẹnu bàbá kan, dò, dò. Àmì ìsàlẹ̀ méjì. Nígbà tí a dé orí iye owó, igba náírà, re, re, ọmọ tí mo pè dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó wò mí, ó sì dá ṣọ́ọ̀kì náà padà fún mi láìkọ ohunkóhun. Òun ni ó gbà á jù lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí ń sáré lọ ní ìsàlẹ̀ fídíò

Ní India, Brij Kothari dá ọ̀nà kan sílẹ̀ ní ọdún 1996: kí a máa kọ ọ̀rọ̀ orin inú fíìmù sí ìsàlẹ̀ àwòrán ní èdè kan náà tí a fi ń kọ orin náà, kí ẹni tí ó mọ orin lórí lè máa fi ojú tẹ̀lé e. Orin tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń ran ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí bá wa mu gan-an, nítorí àlọ́ àpagbè ní orin tí gbogbo ọmọ mọ ègbè rẹ̀, tí a bá sì kọ ègbè náà sí ìsàlẹ̀ fídíò pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé, wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí àlọ́ tó parí.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le. Ẹ ṣí Notepad lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ nọ́ńbà gbólóhùn, kí ẹ kọ àkókò tí yóò jáde àti èyí tí yóò parẹ́ sí ìlà kejì, kí ẹ sì kọ gbólóhùn náà sí ìlà kẹta, bí irú èyí:

1
00:00:05,000 --> 00:00:09,000
Ìjàpá lọ sí oko.

Ẹ fi ìlà òfìfo kan sáàárín gbólóhùn kan àti èkejì. Bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀, ẹ fún un ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò, kí ìparí orúkọ náà jẹ́ .srt, kí ẹ sì yan UTF-8 níbi tí a kọ Encoding sí. Ẹni tí kò bá yan èyí lè rí i pé ẹ àti ọ tí ó fara balẹ̀ kọ ti di àmì ìbéèrè. Ẹ kó méjèèjì sínú fódà kan, kí ẹ fi VLC, áàpù tí a fi ń wo fídíò, ṣí fídíò náà, ọ̀rọ̀ yóò sì jáde ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi fóònù kọ̀wé lè fi èdè Yorùbá kún Gboard, àtẹ ìkọ̀wé orí fóònù, láti rí lẹ́tà onídòótì àti àmì ohùn. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ fún kíláàsì kejì, kí ó sì dúró lójú pẹ́ tó kí ọmọ tí ó lọ́ra lè kà á tán.

Eré, nígbà tí fóònù jẹ́ ọ̀kan tí ọmọ jẹ́ ogójì

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni márùn-ún. Ọ̀wọ́ kan ni yóò wà nídìí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọ̀wọ́ yòókù yóò máa to lẹ́tà tí ẹ gé láti ara páálí, tàbí kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún náà, tàbí kí wọ́n máa kàwé ní méjì-méjì. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀ nídìí fóònù, n kò sì jẹ́ kí wọ́n rú u: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ìdáhùn àfi bí gbogbo ọ̀wọ́ bá ti ka ọ̀rọ̀ náà sókè tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Láìsí òfin yìí, ọmọ tí ó yára jù ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Eré tí ó ń fi ìràwọ̀ san èrè fún ẹni tí ó bá yára jù, mo ní kí ẹ sá fún un. Ọmọ kì í ka ohunkóhun nídìí irú rẹ̀. Ó kàn ń tẹ gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ bá dé títí ìràwọ̀ yóò fi jáde. Èyí tí ẹ fi PowerPoint ṣe fúnra yín sàn jù. Ẹ fi àwòrán kan sí ojú ewé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ẹ so ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà mọ́ ojú ewé tí ó kàn, kí ẹ sì so méjì yòókù mọ́ ojú ewé tí a ti kọ “Ẹ tún un kà”. Àṣàyàn ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí àwòrán ilé bá wà lókè, tí ẹ kọ “ilé”, “bàtà” àti “adìẹ” sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ọmọ yóò wò. Ẹ kọ “ilé”, “ilẹ̀” àti “ìlù”, yóò di dandan kí ó wo ìdí e, kí ó sì wo orí rẹ̀.

Ní ti iná àti dátà, ẹ gba ohun gbogbo sílẹ̀ nílé, ẹ gbé páwà báǹkì dání, kí ẹ sì ra sípíkà kékeré, nítorí ohùn fóònù kì í dé ẹ̀yìn kíláàsì. Fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ẹ rántí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, ilé sì ti lè fi èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣòfò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ọjọ́ Ẹtì

Ẹ pe ọmọ márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín, kí ẹ gbé ìwé kan fún wọn láìsí fóònù nítòsí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú fídíò ọ̀sẹ̀ náà sí i, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun tí a ti ara lẹ́tà kan náà mú jáde. Bí “bàtà” bá wà nínú fídíò, ẹ kọ “ata”, “àbá” àti “àbàtà”. Ọmọ tí ó bá ka “bàtà” geere, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ níwájú “ata”, àwòrán ọ̀rọ̀ náà ni ó há sórí, ohun tí ó sì nílò ní ọjọ́ Ajé ni pípàtẹ́wọ́ sílébù, kì í ṣe fídíò tuntun. Ọmọ tí ó bá ka lẹ́tà pé ṣùgbọ́n tí ó ń fi ohùn kan náà ka gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ dá a padà sídìí orin dò, re, mí. Ẹ kọ orúkọ wọn àti ibi tí ìṣòro wọn wà sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì ti ibẹ̀ yan ibi tí ẹ óò ti dá fídíò dúró ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.