Bí awakọ̀ òfurufú ṣe ń dáhùn ìkìlọ̀ ìkọlura tó jọ irọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú wá kí mi nílé ní Alákìá, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ nígbà tó bá ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn. Inú rẹ̀ kò dùn. Olùkọ́ rẹ̀ ti bá a wí nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, nítorí pé nígbà tí ohùn ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ìkọlura ké pé "Climb, climb" (ẹ gòkè), ojú fèrèsé ló kọ́kọ́ wò, ó ń wá ọkọ̀ kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti sọ fún wa pé ẹ̀rọ yìí máa ń purọ́ nígbà mìíràn. Ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tí mo fún un ni mo kọ síhìn-ín, fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ jókòó síwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí irọ́ náà ti ń wá. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní TCAS kò ní ojú. Ṣe ló ń fi rédíò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó wà láyìíká lórí 1030 MHz, tí transponder, ẹ̀rọ adáhùn inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, sì ń dá a lóhùn lórí 1090 MHz. Láti inú ìdáhùn yìí ni ó ti ń ṣírò bí ọkọ̀ kejì ṣe jìnnà tó, bó ṣe ga tó, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù kí àwọn méjèèjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ohunkóhun tó bá da ìbéèrè àti ìdáhùn yìí rú lè bí ọkọ̀ tí kò sí. Bí àwọn mẹkáníìkì bá ń dán transponder wò lórí ilẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa kéde gíga tí kò sí níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń kọjá lókè lè gbọ́ ọ kí ó rò pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá bá òun. Ní 1 Oṣù Kẹta 2025, ọkọ̀ mélòó kan tó fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ Reagan ní Washington gbọ́ ìkìlọ̀ nípa ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí, àwọn kan nínú wọn sì pa bíbalẹ̀ tì, wọ́n tún gòkè. Ẹ rántí pé ní 29 Oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ èrò àti hẹlikópítà ológun kọlura níbẹ̀, tí ènìyàn 67 kú. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè bá àwọn awakọ̀ tó gòkè yẹn wí.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní irọ́, tí kì í sì í ṣe irọ́. Ká ní ẹ ń gòkè lọ sí 29,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sì ń fi 3,000 ẹsẹ̀ bàtà gòkè ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọkọ̀ mìíràn wà ní 30,000. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ máa dúró ní 29,000. TCAS kò mọ̀, nítorí pé eré tí ẹ ń sá nìkan ló ń rí. Yóò ké. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìkìlọ̀ náà ni kò pọn dandan. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, ọwọ́ awakọ̀ sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà: ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tó kẹ́yìn kí ẹ tó dé gíga tí wọ́n fún yín, ẹ dín eré ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ kù sí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó kéré sí i.

Nígbà tí ohùn bá sọ pé "Traffic, traffic", ẹ má tíì yí ọkọ̀ padà. Ìmúrasílẹ̀ lásán ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yóò fi ọwọ́ kan ìdarí, ẹnìkejì yóò wo àwòrán tí TCAS fi ń tọ́ka sí ọkọ̀ tó wà láyìíká, yóò sì wo ìta. Àmì olóbìírípo aláwọ̀ ọsàn ni ẹ ó rí. Bí ọ̀rọ̀ bá le sí i, yóò di onígun mẹ́rin pupa.

Bí ó bá wá di "Climb, climb" tàbí "Descend, descend", àṣẹ ni. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì tó wà lára ìdarí láti já autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ wa ọkọ̀, sílẹ̀, àfi bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí autopilot rẹ̀ lè tẹ̀lé TCAS fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára òṣùwọ̀n ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀. Apá kan òṣùwọ̀n yìí ti pọ́n, apá kan ti di àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ rọra gbé abẹ́rẹ́ kúrò nínú pupa wá sínú àwọ̀ ewé, tó sábà máa ń jẹ́ 1,500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì mú un dúró síbẹ̀. Bí ohùn bá yí ọ̀rọ̀ padà lójijì, tó ní kí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ máa gòkè, ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ péré ni ẹ ní. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnìkejì yóò ti sọ lórí rédíò pé "TCAS RA", ìyẹn ni pé TCAS ti pàṣẹ kí a gòkè tàbí kí a sọ̀kalẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ bá pàṣẹ ohun mìíràn, "Unable, TCAS RA" ni èsì, kò sí àlàyé mìíràn. Ìgbà tí ohùn bá sọ pé "Clear of conflict" ni ẹ ó padà sí gíga tí wọ́n ti fún yín.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù fún àbúrò mi nìyí: kò sí bí ẹ ṣe lè wádìí nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún bóyá irọ́ ni. Ọkọ̀ tí ẹ rí lójú fèrèsé lè má jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti pé nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run láti Ìbàdàn dé Àbújá, àìrí nǹkan kan kò fi hàn pé nǹkan kan kò sí. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ méjèèjì ti bára wọn ṣàdéhùn, ọ̀kan yóò gòkè, èkejì yóò sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ pinnu ti ba àdéhùn ẹnìkejì jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè Überlingen ní Jámánì nìyẹn ní 1 Oṣù Keje 2002. TCAS ní kí ọkọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà gòkè, ẹni tó wà ní ilẹ̀ ní kí ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ti ẹni tó wà ní ilẹ̀; ọkọ̀ kejì, tó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, sọ̀kalẹ̀ bí TCAS tirẹ̀ ṣe wí. Ènìyàn 71 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ẹ tẹ̀lé àṣẹ ná, ẹ bá ẹ̀rọ wí lórí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi agbára ṣe é. Ní 7 Oṣù Kọkànlá 1996, ọkọ̀ Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ADC tó ń ti Port Harcourt bọ̀ ní Èkó yí gidigidi láti yẹra fún ọkọ̀ mìíràn, ó bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì já lulẹ̀ lẹ́bàá Ẹ̀jìnrìn. Ó lé ní 140 ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè. Ọkọ̀ kejì kò kàn wọ́n rárá. TCAS kì í ní kí ẹ yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Òkè tàbí ìsàlẹ̀ nìkan ni, ní ìwọ̀nba tí èrò tó ń mu tíì lẹ́yìn kò ní da tíì rẹ̀ sára.

Ìkìlọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkè, tó ń ké "Terrain, pull up", yàtọ̀ díẹ̀. Ó ju ti TCAS lọ bí méjèèjì bá dún pọ̀. Lóde òní, àwọn tó ń da GPS rú nítòsí ibi ogun máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ rò pé òun wà ní ibòmíràn, nítorí náà ohùn yìí lè ké lójú ọ̀run gíga tí òkè kankan kò dé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere, tí ẹ sì rí i dájú pé ilẹ̀ kò sí nítòsí, ẹ lè má gòkè. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, ẹ já autopilot, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá ọkọ̀ dọ́gba, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè títí ẹ ó fi kọjá gíga tó láàbò. Ní 9 Oṣù Karùn-ún 2012, àwọn awakọ̀ Sukhoi Superjet kan ní Indonesia pa ẹ̀rọ yìí, wọ́n rò pé máàpù inú rẹ̀ ló ní àṣìṣe. Òkè Salak wà níwájú wọn nínú ìkúùkù. Ènìyàn 45 ló kú.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ igbákejì awakọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan, TCAS wa ké ní alẹ́ kan, ọ̀gá mi sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wí. Kò sí ọkọ̀ kankan. Adarí kò rí i, àwa náà kò rí i. Mo bi í bóyá kí a yí ẹ̀rọ sí "TA only", níbi tó ti ń ké "Traffic" nìkan láìpàṣẹ, kí ó má baà dà wá láàmú mọ́. Ó ní rárá, pé ìwé ìlànà nìkan ló lè ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀, bí irú ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kan bá kú, kì í ṣe ìbínú. Nígbà tí a balẹ̀, kò kúrò lórí àga kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀: aago tó ké, gíga tí a wà, ọ̀rọ̀ tí ohùn sọ gan-an, ibi tí àmì pupa wà lójú àwòrán, àti ohun tí adarí sọ. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin náà kọ nìyẹn, kí ẹ sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ yín àti NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni mẹkáníìkì yóò ti mọ̀ bóyá àǹtẹ́nà ni kí òun tú tàbí transponder, kí ọkọ̀ náà tó tún gbé èrò lọ́jọ́ kejì.