Òógùn Nìkan Kọ́ Loògùn: Àṣìṣe Wa Lórí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ìrẹ̀wẹ̀sì Mú

Ìdérí ìkòkò ni mo fi máa ń jí àbúrò mi nígbà tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Àgbowó, n'Ìbàdàn. Aago márùn-ún ìdájí, gbàm-gbàm-gbàm létí ẹ̀, ó di dandan kó dìde ká jọ sáré dé Bódìjà. Ó ti ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò lọ kíláàsì, gààrí tó bá rẹ lálẹ́ á wú dàárọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Mo ní òógùn ló máa lé ìrẹ̀wẹ̀sì náà lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, kí a tó dé ọjà Bódìjà, ó jókòó sórí ògiri gọ́tà, ó tú okùn bàtà ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ. Eré lásán tí ọmọdé ń sá, mi ò lè sá a."

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: ká sọ eré ìdárayá di pàṣán.

Mi ò ní eré ìdárayá ò wúlò o. Ní 1999, James Blumenthal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Duke University, ní Amẹ́ríkà, kó èèyàn 156 tó ní àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, àwọn kan ń ṣeré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 pé, ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìtura bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ló kọ́kọ́ tètè ṣiṣẹ́. Ibi tí a máa ń fò ni pé ẹni 50 ọdún sókè ni wọ́n, wọ́n sì lẹ́ni tó ń darí wọn. Kò sẹ́ni tó fi ìdérí ìkòkò jí wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a kì í wo ìwà àbínibí ẹni. Ọmọ tó ti dákẹ́ láti kékeré, a ní ìrẹ̀wẹ̀sì ló mú un. Ẹni tó ń pariwo lórí pápá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, a ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ìyípadà ni ká máa ṣọ́: aláriwo tó dédé dákẹ́, ẹni tó fẹ́ràn àmàlà tí kò jẹun mọ́, oorun tó sá lọ tàbí tó pọ̀ lápọ̀jù, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tí àníyàn ti mọ́ lára láti ilẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì tètè ń mú ju ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan tí kò bá lè sáré, ẹ̀rí ni lójú ara rẹ̀ pé òun ò wúlò. Èmi ni mo fi ẹ̀rí yẹn lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ẹ má sì wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn èrò wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà kan ò wọjà, kó máa dá gun òkè Mọ́kọ́lá jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀.

Àwọn kan á kó gbogbo eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ sọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ìṣẹ́jú 75 sí 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá lábàá fún eré tó lágbára, ìyẹn irú èyí tí o ò ti ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kó o tó mí. Ìlọ́po méjì ìyẹn ni ti ìrìn kánmọ́kánmọ́. Pín in.

Ẹ má pe aláìsàn lọ́lẹ. Nígbà mìíràn, àìsàn yìí ló kọ́kọ́ so ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má sọ fún un pé kó lọ sáré. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, kì í sì í ṣe wèrè nìkan ló ń rí wọn. Ẹni tó ti ń lo oògùn, kó má dá a dúró torí pé eré ń mára ẹ̀ yá.

Àbúrò mi rí dókítà. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó ní kí n bá òun wá bàtà òun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ò sáré. A rìn dé Sáńgò, ó ra bọ̀ọ̀lì, ó jẹ ẹ́ tán.