Ìbọ̀wọ́ Rọ́bà Tó Ń Gbomi Sínú: Ìbéèrè Ẹni Tó Ń Sin Ẹja Àrọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Eriwe níbí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo ti ń sin àrọ̀. Ìbọ̀wọ́ kẹta tí mo rà láàárín oṣù méjì rèé. Tí mo bá ń ṣa ẹja láàárọ̀ ọyẹ́, omi á kún inú rẹ̀, ọwọ́ mi á gan. Èwo ni kí n rà tí kò ní jò?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó. Mọ ibi tí omi ń gbà wọlé ná. Fẹ́ atẹ́gùn sínú ìbọ̀wọ́ náà kó wú, lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kó o wá fún un. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń yọ wẹẹrẹ ló lu. Bí kò bá yọ níbì kankan, òógùn ara rẹ ni, tàbí kí omi gba òkè wọlé. Mo ti rí ẹni tó wọ èyí tó mọ ní ọrùn ọwọ́, tó sì ki ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá! Èyí tó kọjá ìgúnpá dáadáa ló yẹ ọ́.

Ìbéèrè: Mo ti dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Àárín ìka ló ti ń yọ.

Ìdáhùn: Ẹ̀gún ẹja nìyẹn. Àrọ̀ ní ẹ̀gún kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn orí, ẹ̀gún náà sì ní eyín bí ayùn. Rọ́bà tí ọwọ́ lè ká dáadáa kò lè dúró níwájú rẹ̀. Èmi máa ń wọ ìbọ̀wọ́ òwú tó nípọn, irú tàwọn bíríkìlà, lé rọ́bà lórí. Ẹja kì í sì í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Rẹ ìbọ̀wọ́ òwú náà sómi kó o tó fọwọ́ kan ẹja, kó má bàa bó ẹja náà lára. Bí ẹ̀gún bá gún ọ, fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ kíá, kó o lọ bá nọ́ọ̀sì nítorí abẹ́rẹ́ tẹ́táńọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lẹ èyí tó lu yìí?

Ìdáhùn: Sólúṣọ̀n fọkanáísà lè mú látẹ́ẹ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi oje igi ṣe, fúngbà díẹ̀. Láàárín ìka, kì í pẹ́ ṣí.

Ìbéèrè: Òtútù náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Rọ́bà kì í mú ọwọ́ móoru, omi ló ń dènà. Àwọn tó ń wọ inú òkun tútù ní Scotland mọ èyí: ìbọ̀wọ́ wúlì, ìyẹn irun àgùntàn, ni wọ́n ń wọ̀ sínú, rọ́bà lóde, wọ́n á sì dí ọrùn ọwọ́ pa kí omi má ráyè. Atẹ́gùn inú wúlì yẹn ló ń mú wọn móoru. Ṣe bẹ́ẹ̀. Ra rọ́bà tó tóbi díẹ̀, torí bó bá fún ọ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa, òtútù á tún le sí i. Bó bá jẹ́ pé ìwọ náà lò ń da epo sínú ẹ̀rọ tó ń fa omi, ra nitrile, ìyẹn rọ́bà àtọwọ́dá tó ń kojú epo, torí epo máa ń wú látẹ́ẹ̀sì, á sì rọ̀ dànù. Tó o bá ṣíwọ́, yí inú rẹ̀ síta, sá a síbi òjìji, má sá a sóòrùn. Mú ìbọ̀wọ́ wúlì méjì dání, kó o lè pààrọ̀ tí òógùn bá ti rin ọ̀kan.