Ẹ Má Bẹ̀rù ISO: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíya Fọ́tò Eré Ìdárayá

Ọ̀pọ̀ fọ́tò eré ìdárayá tó bàjẹ́, ìbẹ̀rù ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, ló bà á jẹ́. Ẹni tó ti gbọ́ pé ISO gíga kì í jẹ́ kí àwòrán mọ́ á so ó mọ́ 400, kò ní í tú u, kódà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tó jẹ́ iná pápá nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Bí ISO kò bá gòkè, shutter, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ló máa pẹ́ kó tó padé. Ní 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré á ti kúrò níbi tó wà: ara rẹ̀ lè hàn díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ tó fi gbá bọ́ọ̀lù á di èéfín. Èyí ni kò ní àtúnṣe. Wínníwínní tí ISO gíga ń kó wá, kọ̀ǹpútà lè dín in kù, ẹni tí ojú rẹ̀ sì wà lára góòlù kò ní í kà á sí. Tó bá di alẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ sí 3200 tàbí 6400.

Fún bọ́ọ̀lù àti eré sísá, 1/1000 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tẹníìsì ń fẹ́ tó 1/2000 kí bọ́ọ̀lù tó lè dúró sójú kan lára rákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé ìpinnu yìí fún Auto. Kò mọ̀ pé eré ni ẹ ń yà, 1/200 lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Manual ni kí ẹ lò: ẹ yan shutter àti aperture (ihò inú lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) fúnra yín, kí ẹ wá fi Auto ISO sílẹ̀ tí oòrùn bá ń wọ inú ìkùukùu tó tún ń jáde. Lábẹ́ iná pápá tí kì í yí padà, ẹ fi ISO náà síbi kan, torí bí aṣọ funfun bá kún ojú lẹ́ǹsì, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú gbogbo ojú ṣókùnkùn.

Ẹ má gbójú lé stabilisation náà. Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ló ń mú dúró, kò lè dá eléré dúró.

Àṣìṣe mìíràn ni focus, ibi tí lẹ́ǹsì ti ń mú àwòrán hàn kedere, tó ń dúró lójú kan. Ẹni tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ yín ti rìn kọjá ibi tí focus wà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. AF-C, ìyẹn focus tó ń tẹ̀ lé eléré bó ṣe ń rìn, ni ẹ nílò. Canon ń pè é ní Servo. Ẹ má sì fi gbogbo ojú àwòrán sílẹ̀ fún un láti yàn níbẹ̀, àfi tí kámẹ́rà yín bá mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé èèyàn dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pátákó ìpolówó tó wà lẹ́yìn ló máa mú.

Iná inú gbọ̀ngàn tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50Hz, ọ̀pọ̀ gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, shutter tó yá rí i: ẹ ya fọ́tò mẹ́ta léraléra, ọ̀kan mọ́lẹ̀, èkejì ṣókùnkùn, ẹ̀kẹta pọ́n bí epo. Ẹ tan anti-flicker, ètò inú kámẹ́rà tó ń mú kó yàwòrán nígbà tí iná bá mọ́lẹ̀ jù lọ. Electronic shutter, èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn tó ń ṣí, lè mú kí igi gọ́ọ̀fù tẹ̀ nínú àwòrán, nítorí náà mechanical, èyí tó ní ìlẹ̀kùn, ni kí ẹ lò bí electronic tiyín bá lọ́ra láti ka àwòrán. Fílàṣì ńkọ́? Ẹ pa á. Ó lè fọ́ eléré lójú níbi tó ti ń yí lófuurufú.

Ẹ má tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò ní àárín pápá. Buffer, ibi tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí kó tó gbé wọn sínú káàdì, á kún, pàápàá tó bá jẹ́ RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí), kámẹ́rà á sì dákẹ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń wọ àwọ̀n.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń ta ko 1/1000 ni ìdíje ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́. Táyà á dúró gbagidi bíi pé wọ́n páàkì í. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/125 tàbí 1/60, kí ẹ máa yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e bó ṣe ń kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà ni ẹ máa dànù kí ọwọ́ yín tó mọ́ ọn.