Bí mo ṣe fi nọ́ńbà sí àdìrẹ ìyá mi àgbà

Aṣọ mọ́kànlá ló wà nínú àpótí náà, àdìrẹ ni gbogbo wọn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi àgbà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni àpótí ọ̀hún wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. "Gbà á," ni wọ́n wí, "kó o tó gbọ́ pé wọ́n ti fi nulẹ̀."

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹni pé kí n fọ̀ wọ́n. Mo dúpẹ́ pé mi ò fọ̀ wọ́n. Aró èlú máa ń ṣí, àbàwọ́n gan-an sì ní ìtàn tiẹ̀: epo tó wà létí ọ̀kan, ìyá mi àgbà ṣì rántí ìkómọ tó ti dà sí i.

Mo fọwọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo wá ń yẹ ẹ̀yìn wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí iṣẹ́ ara rẹ̀ bá hàn níwájú hàn lẹ́yìn, oníko ni, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúdú, ẹlẹ́kọ ni, torí ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró.

Nínú àwọn ẹlẹ́kọ ni mo ti rí Olọ́ba, àdìrẹ tó jáde nígbà tí Ọba George Karùn-ún ìlú Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, ní 1935. Obìnrin Ìbàdàn a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sáṣọ; tiwa l'Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n ti gé iṣẹ́ sí lára ni. Lórí aṣọ yìí, ọba àti ayaba wà láàárín, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó yí wọn ká kọ ẹ̀yìn síra bí ìgbà téèyàn ń ka ìwé nínú dígí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló dojú páànù dé. Mo jókòó tì í pẹ́. "Ìyá mi ló ni ín," ni ìyá mi àgbà wí, "òun ni wọ́n fi pọ̀n mí."

Báírò ni mo kọ́kọ́ fi kọ nọ́ńbà sórí ègé aṣọ funfun. Omi ta sí i, ó ṣàn. Ó dùn mí, àmọ́ kò tíì kan àdìrẹ. Mo fi pẹ́ńsùlù tún un kọ, 2025.1 dé 2025.11 (ọdún ló ṣáájú, nọ́ńbà aṣọ ló tẹ̀lé e), mo fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ìṣẹ́tí, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Nínú ìwé, mo kọ ìwọ̀n, orúkọ iṣẹ́, ihò, àti ẹni tó lò ó. Mo fi fóònù gba ohùn ìyá mi àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ojú ibi tí wọ́n ká a sí ti ń já lára mẹ́ta, nítorí náà mi ò ká wọn mọ́. Mo bẹ àwọn aláṣọ kí wọ́n fún mi ní ọ̀pá páálí tí wọ́n ń wé aṣọ mọ́, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo wé àdìrẹ mọ́ ọn.

2025.7 nìkan ni kò lórúkọ. Ìyá mi àgbà fọwọ́ pa á títí, wọn ò rántí. Fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí fóònù mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e tọ àwọn ìyá aládìrẹ lọ lọ́jà.